BÍ Ẹ̀KỌ́ TI Ń WỌ INÚ ÌRÁNTÍ

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí

Bóyá ni olùkọ́ kan wà tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí rí, tàbí tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, pé: “Mo kọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lánàá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n léèrè lónìí, kò sí ẹni tí ó rántí.” Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti máa ń bọ́ sínú ìdájọ́. A ó ní ọmọ náà kò fetísílẹ̀, tàbí pé olódo ni, tàbí pé orí rẹ̀ kò gba ìwé. Àwọn olùkọ́ mìíràn a fà á lẹ́gba. Àwọn òbí mìíràn a sì mú un kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn a ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kì í ṣe nítorí pé iṣẹ́ náà wù ú, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n ti gbà pé kò ní ọpọlọ. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ ọmọ náà, tí ó jẹ́ pé ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ ni kò tọ́, ìdájọ́ wúwo ni a ti dá fún aláìṣẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kí ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ọ̀nà tí ohun tí a gbọ́ tàbí tí a kà ń gbà wọ inú ìrántí ènìyàn. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń dán ọ̀ràn yìí wò. Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro láti mọ̀, olùkọ́ abúlé tí kò ní ju pátákó àti ẹfun lọ sì lè lò ó. Kókó rẹ̀ ni èyí: ohun tí a kàn gbọ́ léraléra kọ́ ni ó ń wọ inú ìrántí, bí kò ṣe ohun tí ọkàn bá ṣiṣẹ́ lé lórí.

I. IṢẸ́ MẸ́TA TÍ ÌRÁNTÍ Ń ṢE

Bí a bá sọ pé ènìyàn rántí nǹkan, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ti ṣe. Èkíní, ó ti gba nǹkan náà wọlé. Èkejì, ó ti pa á mọ́. Ẹ̀kẹta, ó ti wá a rí ní àkókò tí ó nílò rẹ̀. A lè fi í wé àgbẹ̀ tí ó kó àgbàdo wọ àká. Bí kò bá kó o wọlé, kò sí ohun tí yóò pamọ́. Bí ó bá kó o wọlé tí kòkòrò sì jẹ ẹ́ tán, asán ni. Bí ó bá sì dà á sínú òkùnkùn láìmọ ibi tí ó fi í sí, ebi lè pa á nígbà tí àká rẹ̀ kún. Nígbà tí ọmọ bá dákẹ́ níwájú olùkọ́, a máa ń rò pé ìpamọ́ ni kò dára. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbàwọlé ni kò sí. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ àká rárá.

Ẹ̀rí tí ó dájú wà pé kí ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀ yàtọ̀ sí kí ó wọ inú ìrántí. Ní ọdún 1953, ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn William Scoville ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Molaison, ó sì yọ apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ nítorí wárápá tí ó ń dà á láàmú gidigidi. Wárápá náà dínkù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 2008, ohun titun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ìrántí rẹ̀ mọ́. Ó ń rántí ìgbà èwe rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mòye. Bí a bá sọ iye kan fún un, ó lè máa tún un wí níwọ̀n ìgbà tí ohunkóhun kò bá fa ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ojú kúrò fún ìgbà díẹ̀, iye náà ti lọ, pé a tilẹ̀ sọ ọ́ fún un rí ti lọ pẹ̀lú. Brenda Milner, obìnrin onímọ̀ tí ó ti Montreal wá ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò di ojúlùmọ̀ rẹ̀; nígbàkúùgbà tí ó bá dé, àlejò ni.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé bí ọmọ bá tún ọ̀rọ̀ wí lẹ́yìn olùkọ́, kò tíì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Molaison pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀.

II. ẸNU Ọ̀NÀ NÁÀ KÒ FẸ̀

Ẹnu ọ̀nà tí ohun titun ń gbà wọlé kò fẹ̀ rárá. Ní ọdún 1956, George Miller ará Amẹ́ríkà kọ àkọsílẹ̀ kan tí ó di olókìkí, nínú èyí tí ó fi hàn pé ohun tí ènìyàn lè gbà sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bí méje lọ. Nelson Cowan tí ó tún ọ̀ràn náà yẹ̀wò ní ọdún 2001 sọ pé bí a kò bá fún ènìyàn láyè láti máa tún un wí nínú ọkàn rẹ̀, tàbí láti dì í pọ̀, nǹkan bí mẹ́rin péré ni. Ẹ wá wo olùkọ́ tí ó kọ ogún ọ̀rọ̀ titun sí pátákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó da omi korobá sínú ìgò ọlọ́rùn tóóró ni. Ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò dà sí, ẹ̀bi ìgò kọ́.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà, òun ni dídì pọ̀. Iye tí ó wà nínú nọ́ńbà tẹlifóònù alágbèéká ní ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ mọ́kànlá, síbẹ̀ a ń rántí wọn, nítorí pé a kì í kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdì mẹ́ta ni a máa ń dì wọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ìwé kíkà. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ a, b, d rí lẹ́tà mẹ́fà nínú “kọ́kọ́rọ́”. Èyí tí ó ti mọ sílébù rí ìdì mẹ́ta. Ẹni tí ó mọ ìwé kà rí ohun kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà ọkàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ara wọn lọ. Ìdì ẹnìkan ni ó tóbi ju ti ẹnìkejì.

Ní ọdún 1980, Anders Ericsson àti William Chase, pẹ̀lú ẹnìkẹta wọn, ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Pittsburgh tí wọ́n ń ka iye sí létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ó tún wọn sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, méje ni ó lè rántí bí ènìyàn gbogbo. Lẹ́yìn tí ó ti fi wákàtí tí ó ju igba lọ ṣe é fún ọdún kan àti ààbọ̀, ó dé 79. Sárésáré ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó sì ń sọ àwọn iye náà di àkókò eré ìje. Bí ó bá gbọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́sàn-án, méjì, kì í ṣe iye mẹ́rin ni ó gbọ́ mọ́, àkókò tí sárésáré pàtàkì kan lè fi sá máìlì kan ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi lẹ́tà rọ́pò iye, ó padà sí nǹkan bí mẹ́fà. Ẹ kíyèsí i: agbára ìrántí rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ìtumọ̀ ni ó ti fún ohun tí kò ní ìtumọ̀.

III. ÌTUMỌ̀ NI KỌ́KỌ́RỌ́ RẸ̀

Kí ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ kan wọlé, tí òmíràn sì ń ti ẹnu ọ̀nà padà? Ní ọdún 1975, Fergus Craik àti Endel Tulving ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà ṣe ìdánwò kan lórí èyí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ han àwọn ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè kúkúrú nípa olúkúlùkù wọn. Irú ìbéèrè mẹ́ta ni. Èkíní jẹ́ ti ojú: ṣé lẹ́tà ńlá ni a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí? Èkejì jẹ́ ti etí: ṣé ìró rẹ̀ bá ìró ọ̀rọ̀ báyìí mu? Ẹ̀kẹta jẹ́ ti òye: ṣé ọ̀rọ̀ yìí yẹ nínú gbólóhùn báyìí? Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi wọ́n léèrè àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n rántí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a béèrè ìtumọ̀ wọn ni wọ́n rántí jùlọ. Ti ìró tẹ̀lé e. Ti lẹ́tà ni ó kẹ́yìn. Kí a tilẹ̀ ti sọ fún ènìyàn pé a ó dán an wò kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Ojú kan náà ni ó rí gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí ọkàn ṣe lórí wọn ni ó yàtọ̀.

Pé rírí léraléra nìkan kò tó, ohun tí ó wà nínú àpò wa jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1979, Raymond Nickerson àti Marilyn Adams ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà ya ojú àti ẹ̀yìn owó wẹ́wẹ́ tí ó kéré jùlọ ní ilẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n ti ń ná láti kékeré. Díẹ̀ péré nínú àwọn àmì tí ó wà lára rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi sí ipò tí ó tọ́. Kí òǹkàwé má rẹ́rìn-ín wọn. Kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà láìwò ó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni ó ti kọjá lójú wa. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ àti iye rẹ̀ ti tó fún wa láti fi ná an, ọkàn kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí ìyókù.

Kí ìtumọ̀ tó lè wà, ohun titun gbọ́dọ̀ rí ohun àtijọ́ tí yóò so mọ́. John Bransford àti Marcia Johnson fi èyí hàn ní ọdún 1972. Wọ́n ka àyọkà kan sí àwọn ènìyàn létí, èyí tí ó ń ṣàlàyé bí a ti ń fọ aṣọ, ṣùgbọ́n tí kò dárúkọ aṣọ níbi kankan. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rọrùn, síbẹ̀ ẹni tí kò mọ ohun tí à ń sọ bọ̀ kò rí orí rẹ̀ mú. Àwọn tí a ti sọ fún ṣáájú pé aṣọ fífọ̀ ni à ń sọ rántí tó ìlọ́po méjì ohun tí àwọn tí a kò sọ fún rántí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyèsí èyí tí ó kù: àwọn tí a sọ fún lẹ́yìn tí kíkà ti parí kò sàn ju àwọn tí a kò sọ fún rárá lọ. Àlàyé tí ó dé lẹ́yìn ti pẹ́ jù; ọ̀rọ̀ ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ohun tí a kọ́ ọmọ kò bá sì jọ ohunkóhun tí ó mọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi jọ ọ́. Ìwé tí Frederic Bartlett ti Cambridge tẹ̀ jáde ní ọdún 1932 sọ bí ó ti fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn kan kà, ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àti lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Ọkọ̀ tí a fi igi gbẹ́ di irú ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ nílẹ̀ wọn. Àwọn tí ó lọ ṣọdẹ ẹran inú òkun di apẹja. Ohun ìjìnlẹ̀ tí kò yé wọn di aláìsí. Wọn kò purọ́. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó gba ìtàn náà wọlé, ó sì fi àwọ̀ tirẹ̀ kùn ún. Nígbà náà, bí ọmọ tí kò rí òjò dídì rí bá sọ ohun àjèjì nípa rẹ̀ nínú ìwé ìdánwò, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ àìfetísílẹ̀.

IV. OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA TI MỌ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Àwọn baba wa tí kò ní ìwé mọ̀ dájú pé ohun tí a kò fẹ́ gbàgbé gbọ́dọ̀ ní ìkọ́ tí a ó fi í kọ́. Ẹ wo orúkọ tí à ń sọ ọmọ: Abíọ́nà, Abíọ́dún, Bọ́sẹ̀, Babátúndé. Ìyá tí kò kọ ọjọ́ tàbí oṣù sílẹ̀ kì í gbàgbé pé ojú ọ̀nà ni òun bí Abíọ́nà sí. Nígbàkúùgbà tí ó bá pe ọmọ náà, ó tún ìtàn náà pè.

Ẹ tún wo àrokò. Owó-ẹyọ mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn a máa sọ fún un pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí i, nítorí pé “fà” wà nínú “ẹ̀fà”. Mẹ́jọ a máa sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn, nítorí pé “jọ” wà nínú “ẹ̀jọ”. Owó-ẹyọ méjì tí a so ní ìkojúsíra jẹ́ àmì ìrẹ́pọ̀, èyí tí ó kẹ̀yìn sí ara wọn sì jẹ́ àmì ìjà. Ojú rí i, etí gbọ́ orúkọ rẹ̀, òye sì so méjèèjì pọ̀. Ìránṣẹ́ tí ó gbé e kò lè ṣi ọ̀rọ̀ náà sọ.

Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson ń kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí ó parí ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Arọ́kin Aláàfin ni ó ti gba púpọ̀ nínú ìtàn ayé àtijọ́. Ìdílé wọn ni a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà láti ìran dé ìran, àwọn kan náà sì ni akéwì àti onílù ọba. Wọn kì í gbé orúkọ ọba kalẹ̀ ní ìhòòhò: orúkọ ní oríkì, oríkì ní ìtàn, ìtàn sì ní ìlù tí ó bá a lọ. Ẹni tí ó bá di ọ̀kan mú nínú wọn, yóò fi í fa ìyókù jáde. Iṣẹ́ wọn kò sì parí sí gbígbọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde. Èyí ni ó mú wa dé apá tí àwọn olùkọ́ máa ń gbàgbé jùlọ.

V. MÍMÚ JÁDE NI Ó Ń MÚ UN JINLẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òṣùwọ̀n lásán ni ìdánwò jẹ́, tí a fi ń mọ bí ohun tí ó wà nínú àká ti pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wíwá tí ọkàn wá ohun kan tí ó sì rí i, òun gan-an ni ó ń mú kí ohun náà túbọ̀ fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà méjì. Wọ́n tún ọ̀kan kà lẹ́ẹ̀kejì. Ní ti èkejì, wọ́n pa á dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí nínú rẹ̀ láìwò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, èyí tí wọ́n tún kà ni wọ́n rántí jù: 81 nínú 100 kókó rẹ̀, nígbà tí ti ìkejì jẹ́ 75. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 2 ọ̀ràn ti yí padà: èyí tí wọ́n tún kà ti di 54, èyí tí wọ́n kọ jáde jẹ́ 68. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó di 42 sí 56.

Nínú ìdánwò mìíràn tí wọ́n ṣe pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ti rò pé àwọn yóò rántí tó. Àwọn tí ó ka ìwé náà léraléra ni ọkàn wọn balẹ̀ jùlọ. Àwọn náà ni wọ́n sì rántí díẹ̀ jùlọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ewu ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Nígbà tí gbogbo kíláàsì bá ń fi ohùn kan ké ẹ̀kọ́ lẹ́yìn olùkọ́, inú olùkọ́ a dùn, inú àwọn ọmọ a dùn, àwọn tí ń kọjá lójú ọ̀nà a sì ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà láàárín ogójì ohùn lè gbé ẹnu rẹ̀ lé ti aládùúgbò rẹ̀, láìjẹ́ pé ọkàn tirẹ̀ wá ohunkóhun. Ariwo náà dàbí ìmọ̀, ó sì tan gbogbo wa jẹ.

A kò sọ pé kí a pa àkọ́sórí tì. Ohun tí ó ní ìlù àti orin a máa rọrùn láti mú dání, àwọn Arọ́kin sì mọ èyí. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ìtumọ̀ ṣáájú, kí ọmọ sì lè sọ ọ́ ní òun nìkan, láìsí ohùn ẹlòmíràn tí ó gbé e.

VI. DÍẸ̀ DÍẸ̀ NI IMÚ ẸLẸ́DẸ̀ Ń WỌ ỌGBÀ

Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ wọn ìgbàgbé, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1885. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ìdánwò. Ó ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílébù tí kò ní ìtumọ̀, ó há wọn sórí, ó sì wo bí títún wọn kọ́ yóò ti gbà á ní agbára tó lẹ́yìn àkókò díẹ̀. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣì dín làálàá títún un kọ́ kù ní 58 nínú 100. Lẹ́yìn wákàtí kan ó jẹ́ 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, 34. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, 21. Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí níhìn-ín. Ohun tí kò ní ìtumọ̀ a máa yára sá lọ, ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó sì ń sá jùlọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dàbí ẹni pé a ti gbàgbé kì í lọ tán. Ẹni tí ó tún un kọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó gbàgbé ẹ̀kọ́ àná kò sọ iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ di asán.

Ebbinghaus tún rí i pé bí òun bá tún ọ̀wọ́ sílébù kan kọ́ ní ìgbà 68 ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kò ṣe é ní àǹfààní ju bí ó ti pín ìgbà 38 sí ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ní ọdún 1978, Alan Baddeley àti D. J. A. Longman rí irú rẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: àwọn tí ó ń kọ́ ọ fún wákàtí kan lójúmọ́ kò lo wákàtí tó àwọn tí ó ń kọ́ ọ fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ọ̀nà wákàtí kan yìí ni kò tẹ́ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́rùn, nítorí ó dàbí ẹni pé wọn kò rìn jìnnà.

Oorun pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1924, John Jenkins àti Karl Dallenbach ní Yunifásítì Cornell rí i lára akẹ́kọ̀ọ́ méjì pé ohun tí wọ́n gbàgbé lẹ́yìn tí wọ́n sùn kò tó ohun tí wọ́n gbàgbé bí wọ́n bá fi iye wákàtí kan náà ṣe iṣẹ́ ojúmọ́. Òbí tí ó ní kí ọmọ má sùn ní òru tí ó ṣáájú ìdánwò ń fi ọwọ́ òsì gba ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fún un.

VII. ÌMỌ̀RÀN FÚN IṢẸ́

Láti inú gbogbo èyí, ohun mẹ́fà ni a fi lé àwọn olùkọ́ àti òbí lọ́wọ́.

1. Sọ ohun tí ẹ̀kọ́ dá lé lórí kí o tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí o bá parí.

2. Béèrè ohun tí àwọn ọmọ ti mọ̀ tí ó jọ ọ́, kí o sì so ohun titun mọ́ ọn.

3. Má ṣe kọ́ni ní ju ohun titun mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Dì wọ́n pọ̀ kí o tó fi òmíràn kún un.

4. Béèrè “kí ló dé?” àti “báwo ni?” ju “kí ni mo wí?” lọ. Ìbéèrè ìtumọ̀ ni ó ń ṣí ẹnu ọ̀nà.

5. Kí ìwé wà ní pípadé nígbà tí ọmọ bá ń dáhùn. Jẹ́ kí olúkúlùkù kọ́kọ́ kọ ìdáhùn tirẹ̀ sórí síléètì tàbí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Bí ó bá ṣì í, tọ́ ọ sọ́nà lójú ẹsẹ̀. Má ṣe nà án nítorí rẹ̀, nítorí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò ní wá ohunkóhun nínú ọkàn rẹ̀ bí kò ṣe ọ̀nà àbáyọ.

6. Fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ béèrè ẹ̀kọ́ àná, ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, àti ti oṣù tí ó kọjá.

Ohun wọ̀nyí kò gba owó. Sùúrù ni wọ́n gbà, nítorí kíláàsì tí ń ronú a máa dákẹ́ ju kíláàsì tí ń ké lọ, ọmọ tí ń wá ọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ a sì máa pẹ́ kí ó tó fọhùn. Kí a dúró dè é. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní olódo, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá a ti fi ẹ̀kọ́ náà lé e lọ́wọ́ lọ́nà tí ó lè gbà wọlé. Orúkọ tí a sọ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ a máa bá a dàgbà, kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ tètè ń gbàgbé.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

Kí òǹkàwé pa ìwé yìí dé, kí ó sì gbìyànjú láti dáhùn láìwò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tún wọn dáhùn.

1. Iṣẹ́ mẹ́ta wo ni ìrántí ń ṣe, èwo ni a sì máa ń ṣì mú fún òmíràn?

2. Kí ni a rí kọ́ lára Henry Molaison nípa títún ọ̀rọ̀ wí?

3. Èé ṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè rántí iye 79 kò fi lè rántí ju lẹ́tà mẹ́fà lọ?

4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìbéèrè ojú, ti etí, àti ti òye? Mú ẹ̀kọ́ kan tí ìwọ fúnra rẹ yóò kọ́ni ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí o sì ṣe ìbéèrè òye mẹ́ta lórí rẹ̀.

5. Èwo nínú àwọn orúkọ tí ó wà nínú ìdílé rẹ ni ó ń pa ìtàn kan mọ́? Sọ ìtàn náà fún ọmọ tí ń jẹ́ ẹ, kí o sì ní kí ó tún un sọ fún ọ ní ọ̀la.